Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ Lẹ́nu Màjèṣín: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀dọ́ Inú Ìtàn Bíbélì Yorùbá

Láti ọdún 1884 tí odindi Bíbélì ti jáde ní èdè Yorùbá ni àwọn ìtàn inú rẹ̀ ti di ara ìtàn tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbọ́ dàgbà. A ń sọ wọ́n nílé, a ń kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, a sì ń fi wọ́n ṣe eré nígbà àjọ̀dún àwọn ọmọdé. Nígbà tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eré orí ìtàgé ní Èkó ní 1944, ìtàn ọgbà Édẹ́nì ni ó kọ́kọ́ gbé jáde. Bí ó ti wù kí ó rí, ojú ìwàásù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo àwọn ìtàn wọ̀nyí. Oníwàásù a máa yára kọjá lára ọ̀nà tí asọ̀tàn gbà sọ ọ̀rọ̀, kí ó lè tètè dé ibi ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ ìjọ. Ìkánjú yìí ti rẹ́ àwọn ẹ̀dá-ìtàn kan jẹ, àwọn tí ó sì rẹ́ jẹ jù ni àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà.

Ohun méjì ni a sábà máa ń sọ nípa wọn. Èkíní ni pé ọkàn wọn mọ́ nítorí pé wọn kò tí ì mọ nǹkan kan. Èkejì ni pé ọmọ rere ni wọ́n, tí ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ èyí sílẹ̀ nínú ìdánwò lè rí máàkì díẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n kò tí ì ka ìtàn náà. Bí a bá fara balẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà tí asọ̀tàn gbà pín ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, a ó rí i pé kì í ṣe àìmọ̀kan ni àwọn màjèṣín wọ̀nyí fi ń kọ́ àgbà ní ìgbàgbọ́. Wọ́n mọ nǹkan. Ohun tí àwọn àgbà kọ́ wọn náà ni wọ́n mọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń retí pé kí ó ṣẹ. Àwọn àgbà mọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dunjú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò retí rẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Àwọn asọ̀tàn Bíbélì kì í sábà ka ọdún ọmọ. Nínú àwọn tí a ó yẹ̀ wò níhìn-ín, ti Jésù nìkan ni ó hàn kedere: ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ó dúró lẹ́yìn ní Jerúsálẹ́mù. Ti Sámúẹ́lì kò sí nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n Josephus, òpìtàn àwọn Júù ní ọ̀rúndún kìíní, kọ ọ́ pé ó ti pé ọmọ ọdún 12 nígbà tí Ọlọ́run pè é. Ọmọbìnrin tí ó wà nílé Náámánì àti Ródà tí ó wà nílé Màríà kò ní ọjọ́ orí rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni a fi mọ̀ wọ́n. Ọmọ tí ó lè dúró ti ìyàwó ọ̀gágun, tàbí tí a lè rán sí ẹnu ọ̀nà lóru, kì í ṣe ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tí ì di àgbà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ náà màjèṣín fún irú wọn. Màjèṣín ti tó ẹni tí à ń rán níṣẹ́, kò tí ì tó ẹni tí à ń pè sí ìgbìmọ̀. Ipò yìí gan-an ni àwọn asọ̀tàn ń lò.

Ìtàn Náámánì, tí ó wà ní orí karùn-ún Ìwé Àwọn Ọba Kejì, ni ó fi èyí hàn jù. Bí a ti máa ń ki ẹni ńlá kí a tó sọ ohun tí ó ń ṣe é ni asọ̀tàn ṣe bẹ̀rẹ̀: olórí ogun Síríà ni ọkùnrin yìí, ọba fẹ́ràn rẹ̀, ó ti mú ìṣẹ́gun wá, akọni ni. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀ tí ó ba gbogbo oríkì náà jẹ́: adẹ́tẹ̀ ni. Ẹ̀yìn oríkì ẹni ńlá yìí ni a mú ọmọbìnrin kan wọlé. Kò ní orúkọ, kò ní ìdílé, ẹnikẹ́ni kò sì kì í. Ogun ni ó kó o láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì.

Gbólóhùn ìdàníyàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó sọ nínú ìtàn náà. Ó wù ú kí olúwa òun dé ọ̀dọ̀ wòlíì tí ó wà ní Samáríà, nítorí pé ìwòsàn wà níbẹ̀. Kò pàṣẹ, kò wàásù, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí a kọ́ dáadáa ti ń bá ìyá ilé sọ̀rọ̀ ni ó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí gbólóhùn náà ṣe. Ọ̀gágun gbọ́, ó lọ sọ fún ọba. Ọba Síríà kọ ìwé. Náámánì di tálẹ́ńtì fàdákà 10, owó wúrà 6,000 àti ìpààrọ̀ aṣọ 10, ó gbéra. Ọba Ísírẹ́lì ka ìwé náà, ó sì fa aṣọ rẹ̀ ya, nítorí ó rò pé wọ́n ń wá ìjà òun ni. Ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ pé wòlíì wà ní ìlú òun nìyẹn. Ilẹ̀ rẹ̀ ni wòlíì ń gbé, Ọlọ́run àwọn baba rẹ̀ sì ni wòlíì ń sìn. Kò rántí rẹ̀ títí Èlíṣà fi ránṣẹ́ sí i fúnra rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ náà ni ó ń rántí wòlíì ní ilẹ̀ àjèjì. Asọ̀tàn kò sọ ìyàtọ̀ yìí síta. Ó kàn gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí wà lára àwọn tí a fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ nínú ilé àti nínú ìjọ. Ìrírí ni àkísà, ìyà tí ó ti jẹ ènìyàn kọjá, òótọ́ sì ni òwe náà lọ́pọ̀ ìgbà. Níhìn-ín kò bá a mu. Àkísà ọmọbìnrin yìí ju ti ìyàwó Náámánì lọ. Wọ́n ti já a gbà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó ti rin ọ̀nà oko ẹrú, ilé olórí ogun ilẹ̀ tí ó kó o ni ó sì ń sìn. Àgbà tí ó bá pe àánú tí ó ní sí ọ̀gá rẹ̀ ní àìmọ̀kan kò tí ì ronú nípa ohun tí ọmọ náà mọ̀. Ó mọ ohun tí ogun jẹ́. Ó lè dákẹ́ kí ẹ̀tẹ̀ jẹ ọ̀gágun náà tán. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ sì léwu, nítorí bí Náámánì bá lọ tí kò sàn, ara ẹni tí ó mú àbá náà wá ni ìbínú rẹ̀ yóò ti dá dúró.

Ọ̀gágun náà kò ní irú ìgbàgbọ́ yẹn nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà Èlíṣà. Inú bí i pé wòlíì kò jáde wá bá òun, pé odò Jọ́dánì ni wọ́n ní kí òun wẹ̀ lẹ́ẹ̀meje nígbà tí odò tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ wà ní Damásíkù. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó pẹ̀tù sí i nínú. Wọ́n pè é ní baba wọn kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá náà yóò ti ṣe. Nígbà tí ó wá wẹ̀ tán, asọ̀tàn sọ pé ara rẹ̀ dà bí ara ọmọ kékeré. Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fi pe ọmọbìnrin inú ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó tún fi ṣàpèjúwe ara ọ̀gágun ní òpin, ìyàtọ̀ akọ àti abo nìkan ni ó wà láàrin wọn. Ọmọbìnrin kékeré ni ó fi ọ̀nà hàn. Ara ọmọ kékeré ni ẹni ńlá náà gbé jáde nínú omi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ẹ̀rí pé ìtàn Bíbélì ní ọnà nínú kò ní láti wá a jìnnà.

Ó yẹ kí ìtàn yìí ká àwọn Yorùbá lára ju bí ó ti ń ká wọn lọ. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tí ó ṣe olórí iṣẹ́ títú Bíbélì sí èdè wọn, jẹ́ ọmọ tí ogun kó pẹ̀lú. Ní 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣogùn, nígbà tí kò tí ì ju màjèṣín lọ. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1837 láti fi ròyìn ìgbà náà, ó sọ bí wọ́n ṣe tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí wọ́n ṣe fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, àti bí òun ṣe rò ó láti gba ẹ̀mí ara òun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ó ròyìn pé nígbà tí àwọn ọmọ dé inú ọkọ̀ náà, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀ àti ọta ìbọn ńlá, wọ́n sì rò pé ẹran-ara ènìyàn àti orí ènìyàn ni. Ẹni tí ó ń kọ ìwé náà ti di onígbàgbọ́, ó ti ṣe ìrìbọmi ní Sàró ní 1825, ó sì rí ọjọ́ tí wọ́n kó o gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ìbùkún ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Síbẹ̀, kò sọ pé ọmọ tí wọ́n kó náà ti rí ìbùkún kankan nígbà yẹn. Ó jẹ́ kí ẹ̀rù ọmọ náà dúró bí ó ti rí. Òótọ́ inú báyìí ṣọ̀wọ́n nínú ìwé tí àgbà ń kọ nípa ìgbà èwe ara rẹ̀. Ní 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Hánà ni orúkọ tí ó gbà.

Hánà ni orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì pẹ̀lú, ìtàn ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ti ìpè àti àṣìgbọ́. Ó wà ní orí kẹta Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní. Asọ̀tàn lo àwítúnwí bí apàlọ́ ti ń lò ó: ohùn pe ọmọ náà, ó dìde, ó sáré lọ bá Élì, Élì ní òun kò pè é, kí ó padà lọ sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èyí ṣẹlẹ̀ kí ó tó yé àlùfáà pé Ọlọ́run ni ó ń pe ọmọ. Asọ̀tàn ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣọ̀wọ́n ní ìgbà náà, ó sì ti sọ pé ojú Élì ti ń ṣú. Nítorí náà ni àgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ohùn Ọlọ́run fi ní láti gbọ́ ọ láti ẹnu ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín nípa ìlò èdè tí olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fò. Èdè Hébérù àti èdè Gíríìkì kò ní arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ bí Yorùbá ti ní in, Bíbélì Yorùbá sì tẹ̀ lé wọn: ‘ìwọ’ ni ó ń lò fún ẹnì kan, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni Sámúẹ́lì ṣe ń fi ‘ìwọ’ dá àlùfáà arúgbó lóhùn. Ní etí ọmọ Yorùbá, ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọmọ náà ń ṣe sì yàtọ̀ pátápátá. Ó dìde lóru, ó sáré, ó jẹ́ ìpè, lẹ́ẹ̀mẹta, láìkùn. Ọ̀wọ̀ tí kò sí lẹ́nu rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń fi ìtàn yìí ṣe eré lè ní kí ọmọ náà sọ pé, ‘Bàbá, ẹ pè mí’. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé Ọlọ́run nìkan ni ọmọ Yorùbá lè fi ‘ìwọ’ bá sọ̀rọ̀ láìjẹ́ àfojúdi nínú gbogbo ẹni tí ó jù ú lọ. Nínú Bíbélì, ohùn kan náà ni Sámúẹ́lì fi jẹ́ ìpè àgbà àti ìpè Ọlọ́run, èyí wà lára ohun tí ó mú kí àṣìgbọ́ náà ṣeé ṣe.

Òwúrọ̀ ni iṣẹ́ le. Ohun tí ọmọ náà gbọ́ ni pé ìdájọ́ ń bọ̀ sórí ilé Élì nítorí ìwà àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò dá lẹ́kun. Sámúẹ́lì ṣí ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ ọ́. Élì ni ó pè é, ó sì fi í bú kí ó má fi ohunkóhun pamọ́. Ọmọ náà sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan a máa sọ Élì di òmùgọ̀ nínú ìtàn yìí, èyí kò tọ́. Òun ni ó kọ́ ọmọ náà bí a ti ń dáhùn. Òun ni ó bi í léèrè nígbà tí ó lè jẹ́ kí ó dákẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ ìdájọ́ ara rẹ̀ láti ẹnu tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, ó gbà á fún Ọlọ́run. Mélòó ni olùkọ́ tàbí baálé ilé tí yóò fara mọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọmọ ọdún 12?

Ìtàn Jésù nínú tẹ́ńpìlì, ní orí kejì ìwé Lúùkù, ni a ń ṣì sọ jù lọ. A máa ń sọ pé Jésù jókòó, ó ń kọ́ àwọn olùkọ́. Lúùkù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó jókòó láàrin wọn, ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Gbígbọ́ ni ó ṣáájú, ìbéèrè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìdáhùn tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí ó bá da ètò yìí rú ti sọ Jésù di ọmọ tí ó gbọ́n ju ara rẹ̀ lọ, ẹni tí àgbà kì í fẹ́ rí. Nínú kíláàsì ìgbọ́wọ́lé ní ọ̀pọ̀ ìjọ, àgbà ni ó ń béèrè, ọmọ a sì máa fi ìdáhùn tí ó ti há sórí láti inú katikísìmù fèsì. Ọ̀nà ìkọ́ni yìí ní ìwúlò tirẹ̀. Ohun tí kò ní ni àyè fún ìbéèrè ọmọ, ìbéèrè sì ni Lúùkù fi sí ẹnu ọmọ ọdún 12 yìí kí ó tó fi ìdáhùn síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn òbí rẹ̀ rí i. Ìyá rẹ̀ bá a wí, ó sì fèsì pẹ̀lú ‘ẹ̀yin’. Ní èdè Gíríìkì, iye ni ọ̀rọ̀ náà ń kà: ìyá àti bàbá jẹ́ méjì. Ní Yorùbá, etí kò lè mọ̀ bóyá iye ni tàbí ọ̀wọ̀. Ìtumọ̀ Yorùbá ti fi ọ̀wọ̀ kún ọ̀rọ̀ Jésù láìfẹ́ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn náà le. Ọmọ tí a ti ń fi omijé wá kiri ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń wá òun. Bí kò bá sí ‘ẹ̀yin’ yẹn, ọ̀pọ̀ ìyá tí ń ka ìtàn náà ní Yorùbá ìbá ti dá Jésù lẹ́bi kí ó tó dé ibi tí Lúùkù ti sọ pé ó bá wọn padà sí Násárẹ́tì, ó sì ń tẹrí ba fún wọn. Ní ti Màríà, ìdáhùn náà kò yé e, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ nínú ọkàn rẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ tìtorí èyí sọ pé ọmọdé ni Bíbélì ń gbè lẹ́yìn nígbà gbogbo. Orí mẹ́ta péré ṣáájú ìtàn Náámánì ni àwọn ọmọ ti fi orí pípá Èlíṣà ṣe yẹ̀yẹ́, tí béárì méjì sì fa 42 nínú wọn ya. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a tún máa tọ́ka sí Réhóbóámù ọba, tí ó kọ ìmọ̀ràn àgbà, tí ó gba ti àwọn ọ̀dọ́, tí ìjọba rẹ̀ sì pín sí méjì. Kí wọ́n ṣọ́ra níbẹ̀. Ọmọ ọdún 41 ni Réhóbóámù nígbà tí ó jọba, àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ sì jẹ́ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà; ìtàn náà kò kan màjèṣín rárá. Bákan náà, òwe tí ó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀ kò tó láti fi túmọ̀ àwọn ìtàn wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kúrò lára rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni òwe yẹn ń sọ, níbi tí ọmọdé àti àgbà ti jọ dá ọgbọ́n. Ẹnikẹ́ni kò pe ọmọbìnrin ilé Náámánì tàbí Sámúẹ́lì sí ìgbìmọ̀.

Wọn kò pe Ródà náà. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, tí Lúùkù kan náà kọ, ni ìtàn rẹ̀ wà, ní orí kejìlá. Inú ìwé yìí náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ arábìnrin Pọ́ọ̀lù, ti tú àṣírí àwọn ọkùnrin tí ó lé ní 40 tí wọ́n ti búra láti pa ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ náà. Olórí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun fà á lọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé kèfèrí, ọmọ-ogun Róòmù, gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́ kíá, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ kò gba ti Ródà.

Hẹ́rọ́dù ti fi idà pa Jákọ́bù, ó sì ti mú Pétérù. Ọ̀wọ́ ọmọ-ogun mẹ́rin, ẹni mẹ́rin-mẹ́rin, ni ó fi ń ṣọ́ ọ. Ìjọ ń gbàdúrà fún un láìsinmi. Lóru, áńgẹ́lì mú Pétérù jáde, ó sì wá sí ilé Màríà, ìyá Jóhánù tí ń jẹ́ Máàkù, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pé jọ tí wọ́n ń gbàdúrà. Ó kan ilẹ̀kùn. Ródà, ọmọbìnrin tí ń jẹ́ ìránṣẹ́, lọ dáhùn. Ó mọ ohùn Pétérù, ayọ̀ sì bo ọkàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣí ilẹ̀kùn. Ó sáré padà wọlé lọ sọ fún wọn. Wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú. Ó tẹnu mọ́ ọn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní áńgẹ́lì Pétérù ni. Pétérù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀fẹ̀ wà nínú ìtàn yìí, ó sì dájú pé Lúùkù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀kùn irin ẹ̀wọ̀n ṣí fún fúnra rẹ̀ ni ó dúró tí ilẹ̀kùn ilé àdúrà kò ṣí fún. Àwọn tí ń gbàdúrà dá àdúrà dúró kí wọ́n lè bá ẹni tí ó mú ìdáhùn àdúrà náà wá jiyàn. Kí a sì wo àlàyé kejì tí wọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n gbà pé áńgẹ́lì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Pé Pétérù tí wọ́n ń tọrọ lè dúró síbẹ̀ ni kò wọ̀ wọ́n létí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú àwọn tí ó wà nínú yàrá náà ẹni tí kò mọ̀ pé Ọlọ́run lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n onílámèyítọ́ tí ó bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà kò ṣe dáadáa. Idà ti pa Jákọ́bù. Ó ṣeé ṣe kí ẹnu tí ó ń gbàdúrà fún Pétérù ti gbàdúrà fún Jákọ́bù pẹ̀lú. Àkísà tí òwe sọ nìyí, àkísà ìjọ yìí sì wúwo. Àgbà tí ó ti tọrọ tí kò rí gbà a máa kọ́ bí a ti ń tọrọ láìretí, kí ìjákulẹ̀ má baà pa á lẹ́ẹ̀kejì. Kò fi àdúrà sílẹ̀; ó kàn mú ìrètí kúrò nínú rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀ títí ẹnì kan yóò fi kan ilẹ̀kùn. Ródà gbé láàrin wọn, ó gbọ́ ikú Jákọ́bù bí wọ́n ti gbọ́ ọ, ìròyìn ẹ̀wọ̀n náà kò sì ṣàjèjì sí i. Kì í ṣe pé kò mọ ewu. Olóye ọmọ ni, nítorí ó mọ ohùn ènìyàn lóru láìrí ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é ní wèrè, kò dákẹ́, kò sì bínú jáde. Ó dúró lórí ohun tí ó gbọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń ta ko ilé tí ó kún fún àgbà kò ní nǹkan mìíràn tí ó lè fi gbèjà ara rẹ̀.

Níkẹyìn wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ẹnu sì yà wọ́n. Pétérù juwọ́ sí wọn kí wọ́n dákẹ́, ó ròyìn bí òun ti ṣe jáde, ó rán wọn níṣẹ́ sí Jákọ́bù kejì àti àwọn ará, ó sì lọ sí ibòmíràn. Lúùkù kò sọ pé ẹnikẹ́ni padà lọ bá Ródà láti sọ fún un pé òótọ́ ni ó sọ. Ìtàn Náámánì kò sọ bí ọmọbìnrin náà ṣe di òmìnira, tàbí pé ó di òmìnira rárá. Náámánì padà sí Síríà pẹ̀lú ẹrù erùpẹ̀ ìbaaka méjì, kí ó lè máa sin Ọlọ́run Ísírẹ́lì lórí rẹ̀. Géhásì pàápàá gba fàdákà àti aṣọ, ó sì gba ẹ̀tẹ̀ mọ́ ọn. A kò gbọ́ nǹkan kan nípa ọmọ tí ó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, a kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ti Ródà sàn díẹ̀ ní apá kan. Màríà àti ọmọ rẹ̀ ni Lúùkù dárúkọ láti fi júwe ilé náà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ó bá ọmọbìnrin yìí jiyàn ní òru ọjọ́ náà, kò dárúkọ ẹnì kankan.